Orí Kẹfà: Bí Ẹ̀yà Ojú Ṣe Ń Sẹ́ Ìtànṣán Ultraviolet

Ìtànṣán tí ojú kì í rí

Ìtànṣán ultraviolet, tí wọ́n ń gé kúrú sí UV, jẹ́ apá kan ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú ènìyàn kì í rí. Nínú òṣùmàrè, pupa wà ní ìpẹ̀kun kan, elése àlùkò sì wà ní ìpẹ̀kun kejì. Ohun tó kọjá elése àlùkò ni UV. Johann Wilhelm Ritter, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní ọdún 1801. Ó tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká sí oríṣiríṣi àwọ̀, ó sì fi èròjà fàdákà kan tí ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ di dúdú sí abẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èròjà náà dúdú lábẹ́ elése àlùkò, ṣùgbọ́n ibi tó ti dúdú kíákíá jù lọ ni ẹ̀gbẹ́ elése àlùkò, níbi tí ojú kò ti rí àwọ̀ kankan mọ́.

Gígùn ìgbì ni wọ́n fi ń ya ìtànṣán kan sọ́tọ̀ sí èkejì, nànómítà sì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nànómítà 1,000,000 ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 400 títí dé 700. UV wà láàrin 100 sí 400, wọ́n sì pín in sí mẹ́ta: UVC láti 100 sí 280, UVB láti 280 sí 315, UVA láti 315 sí 400. Bí ìgbì bá ṣe kúrú tó ni agbára inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, nítorí náà UVC ló burú jù fún ohun abẹ̀mí.

Asẹ́ àkọ́kọ́ tó ń sẹ́ ìtànṣán yìí kò sí nínú ojú rárá. Òkè ọ̀run ló wà, ní nǹkan bí kìlómítà 15 sí 35 lókè ilẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ́sóònù pọ̀ sí. Ọ́sóònù gba gbogbo UVC àti èyí tó pọ̀ jù nínú UVB dúró. Nínú UV tó wá dé ilẹ̀, nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 ló jẹ́ UVA, ìyókù sì jẹ́ UVB. Nítorí èyí, UVA àti ìwọ̀nba UVB ni iṣẹ́ tó délẹ̀ fún ojú.

Iṣẹ́ náà kò kéré ní Ìrókò àti àwọn abúlé oko tó yí Ìbàdàn ká. Àárín ìlà keje sí ìkẹjọ ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà wà. Oòrùn ọ̀sán máa ń dúró sí àtàrí gan-an níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí UV ṣe le tó lójúmọ́, ibi tí òṣùwọ̀n yìí bá sì ti dé 11 ni wọ́n ti ń pè é ní èyí tó le jù lọ. Ìlú tó wà nítòsí ìlà agbedeméjì ayé máa ń dé ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan tí ìkùukùu kò bá sí. Àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í roko ní ọmọ ọdún 15, tó ṣì ń lọ sóko ní ọmọ ọdún 65, ti gba àádọ́ta ọdún irú oòrùn bẹ́ẹ̀ sójú.

Ọ̀rọ̀ asẹ́ yé ẹni tó bá ti wà nídìí garí rí. Wọ́n á sẹ́ pákí tí wọ́n ti rin kí wọ́n tó yan án, ohun tí asẹ́ bá gbà dúró, wọ́n á gbọ̀n ọ́n dànù. Ibi tí asẹ́ ojú ti yàtọ̀ nìyí, ìyàtọ̀ náà ló sì ṣàlàyé ọ̀pọ̀ àrùn tí orí yìí yóò mẹ́nu bà. Agbára tí asẹ́ ojú gbà dúró kò ṣeé gbọ̀n dànù. Inú ẹran ara tó gbà á ló ń wọ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́ rere tàbí búburú tó bá ní láti ṣe. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó bá dá UV dúró ń gba ẹ̀yà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ là, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ru ìyà náà.

Àwọn olùṣọ́ ìta

Ẹyinjú jókòó sínú kòtò egungun. Egungun iwájú orí yọ jáde díẹ̀ lókè rẹ̀ bí etí òrùlé, irun òkè ojú sì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá wà lórí àtàrí, egungun yìí, ìpéǹpéjú àti bí ènìyàn ṣe máa ń fún ojú pọ̀ lójú oòrùn ń dí ọ̀pọ̀ ìtànṣán lọ́nà. Nígbà tí oòrùn bá rọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tàbí aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹni tó kọjú sí i ń gbà á sójú tààrà, òrùlé egungun kò sì lè ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀sán gangan nìkan ni ojú nílò ààbò.

Ilẹ̀ náà ń dá UV padà sójú láti ìsàlẹ̀. Koríko, ilẹ̀ oko àti omi kì í dá tó ìdá 10 nínú 100 padà. Yanrìn gbígbẹ ń dá nǹkan bí ìdá 15 padà, yìnyín tuntun ní ilẹ̀ òtútù sì lè dá ìdá 80 padà. Oko tí ewéko bò dáa fún ojú ju etí òkun lọ nínú ọ̀ràn yìí. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ máa ń fọ́n UV ká, nítorí ìgbì tó kúrú ni afẹ́fẹ́ máa ń fọ́n ká jù. Ẹni tó jókòó sábẹ́ igi, tó sì ń wo ọ̀run gbalaja níwájú rẹ̀, ṣì ń gba díẹ̀.

Ọmọlójú, ihò dúdú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú ẹyinjú, máa ń súnkì nínú ìmọ́lẹ̀, ó sì máa ń fẹ̀ nínú òkùnkùn. Áírísì, ẹran tó yí i ká, ló ń ṣe èyí. Áírísì àwọn ènìyàn ilẹ̀ Yorùbá dúdú tàbí kó pọ́n bí igi nítorí èròjà mẹ́lánínì tó kún inú rẹ̀, UV tó bá sì bọ́ lé e kì í rí ibẹ̀ kọjá. Àléébù kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn: ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí nìkan ló ń sún ọmọlójú kì. Kò mọ̀ bóyá UV pọ̀ tàbí kò pọ̀. Awò ojú dúdú tí wọ́n tà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láì fi asẹ́ UV sí i lè mú kí ọmọlójú fẹ̀, kí UV sì rí ọ̀nà tó gbòòrò gbà. Àwọ̀ dúdú kọ́ ni asẹ́. Awò funfun tí wọ́n kọ UV400 sí lára ń dá UV dúró ju awò dúdú tí kò ní in lọ.

Kọ́níà

Kọ́níà ni awọ mímọ́ gaara tó bo iwájú áírísì àti ọmọlójú, bí gíláàsì ṣe ń bo iwájú aago ọwọ́. Ìnípọn rẹ̀ láàrin kò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ì bá dí ìmọ́lẹ̀. Omijú tó bò ó kò sẹ́ UV tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fọ ojú, kó sì jẹ́ kó tutù.

Ní ọdún 1962, Edward Boettner àti Reimer Wolter wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń la ẹ̀yà ojú ènìyàn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Iṣẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ṣì gbé àwọn nọ́ńbà wọn kà. Ìtànṣán tí ìgbì rẹ̀ kò tó 280 kì í kọjá kọ́níà rárá. Ní 300, kọ́níà ń gba nǹkan bí ìdá 92 nínú 100, omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń gba ìdá 6, lẹ́ńsì sì ń gba ìdá 2 tó kù. Ní 320, ọ̀rọ̀ yí padà: kọ́níà gba ìdá 45, omi gba 16, lẹ́ńsì gba 36. Nígbà tó bá fi dé 360, kọ́níà ń gba ìdá 34, omi ń gba 12, lẹ́ńsì sì ń gba 52. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àwọn nọ́ńbà yìí yóò rí bí iṣẹ́ náà ṣe pín: ìtànṣán tó lágbára jù lọ ń kú sára kọ́níà, UVA tí agbára rẹ̀ kéré díẹ̀ sì ń kọjá lọ bá lẹ́ńsì.

Ohun tí kọ́níà fi ń gba UVB mu ni prótíìnì inú rẹ̀ àti fítámínì C tó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ojú òde rẹ̀. Prótíìnì kan wà níbẹ̀ tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ. Ó ń gba UVB mu fúnra rẹ̀, ó sì tún ń pa oró àwọn májèlé tí UV bá dá sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kọ́níà ní àǹfààní kan tí kò sí fún ẹ̀yà tó tẹ̀ lé e. Sẹ́ẹ̀lì ojú òde rẹ̀ kì í pẹ́. Láàrin nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, àwọn tó ti gba oòrùn á ti ṣí kúrò, omijú á sì gbé wọn lọ, tuntun á sì ti jáde láti etí kọ́níà, níbi tó ti pàdé funfun ojú, láti gba ipò wọn. Kọ́níà ń pa asẹ́ rẹ̀ dà bí ejò ṣe ń bọ́ awọ.

Omi iwájú ẹyinjú

Láàrin kọ́níà àti lẹ́ńsì ni omi mímọ́ kan wà tó ń bọ́ àwọn méjèèjì, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Fítámínì C inú omi yìí tó nǹkan bí ìlọ́po 20 èyí tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara ní láti ṣiṣẹ́ kó tó lè kó o jọ síbẹ̀. Ó ń gba díẹ̀ nínú UVB mu, ó sì ń dáàbò bo lẹ́ńsì. Ẹ̀rí pé nítorí oòrùn ni ó fi wà níbẹ̀ wà lára ẹranko. Fítámínì yìí pọ̀ nínú omi ojú ẹran tó ń jẹ̀ lọ́sàn-án bí màlúù àti àgùntàn, ó sì kéré nínú ti eku tó ń rìn lóru.

Lẹ́ńsì

Lẹ́ńsì wà lẹ́yìn ọmọlójú, ó sì rí bí èso ẹ̀wà tó mọ́ gaara. Prótíìnì pọ̀ nínú rẹ̀ ju inú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara lọ, tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀. Iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn ni kíkó ìmọ́lẹ̀ jọ sórí rẹ́tínà kí àwòrán lè hàn kedere. Iṣẹ́ kejì rẹ̀, tí kò gbajúmọ̀, ni pé òun ni asẹ́ UVA tó tóbi jù nínú ojú. Nínú ojú àgbàlagbà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí UV tó ń kọjá rẹ̀.

Àwọn èròjà kéékèèké kan ló ń bá a ṣe é. Láti ara tryptophan, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara ń rí nínú oúnjẹ bí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, ni lẹ́ńsì ti ń ṣe wọ́n. Ìdílé kynurenine ni wọ́n ń pè wọ́n. Ruth van Heyningen, onímọ̀ kan ní Oxford, jábọ̀ lórí ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ní ọdún 1971. Ìtànṣán tó wà nítòsí 365 ni wọ́n ń gbà mu jù, àárín UVA gan-an nìyẹn. Ohun tó yani lẹ́nu nípa wọn ni pé wọ́n tètè ń sọ agbára tí wọ́n gbà di ooru díẹ̀ kó tó ráyè bá prótíìnì jẹ́. Asẹ́ rere nìyẹn: ó gba UV, ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì kì í pa ara rẹ̀ dà. Sẹ́ẹ̀lì tuntun ń jáde lójú òde rẹ̀ jálẹ̀ ayé ènìyàn, wọ́n sì ń tò lé àwọn ti tẹ́lẹ̀ lórí bí ìpele àlùbọ́sà, láìsí èyí tó ń jáde lọ. Èyí tó wà ní àárín gbùngbùn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹni náà. Prótíìnì inú rẹ̀ kì í ní àtúnṣe. Àárọ̀ oko kọ̀ọ̀kan, ọjà ọ̀sán kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ń kó jọ síbẹ̀. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, àwọn èròjà asẹ́ yìí ń dínkù, díẹ̀ nínú wọn sì ń lẹ̀ mọ́ prótíìnì lẹ́ńsì, wọ́n ń sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè, kó tó wá pọ́n. Lẹ́ńsì ọmọdé mọ́ bí omi òjò, ti ẹni 70 ọdún sì lè rí bí oyin. Lẹ́ńsì tó ti pọ́n ń sẹ́ ju UV lọ, ó ń sẹ́ díẹ̀ nínú àwọ̀ aró pẹ̀lú. Ìdí kan nìyí tí arúgbó fi lè mú aṣọ ẹtù, kó pè é ní dúdú, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ń sọ pé aró ni.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé gba àfiyèsí. Fèrèsé kékeré kan wà nínú lẹ́ńsì ọmọdé, ní àyíká 320, tó ń jẹ́ kí ìwọ̀nba UV kọjá lọ bá rẹ́tínà. Fèrèsé yìí ń tì díẹ̀díẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátápátá nígbà tí ènìyàn bá lé ní 20 ọdún. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kó lè ráyè roko gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ibòòji tó jinlẹ̀, kí ojú rẹ̀ má sì kọ sí ọ̀run gbalaja.

Gbogbo ẹ̀dá kọ́ ló ń sẹ́ UV. Oyin ń rí i kedere, ọ̀pọ̀ òdòdó sì ní àmì tí UV nìkan ń fi hàn láti júwe ọ̀nà oúnjẹ fún un. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ náà ń rí i. Ojú ènìyàn ti fi ìríran yìí sílẹ̀, ó sì rí nǹkan méjì gbà dípò rẹ̀. Èkíní ni ààbò fún rẹ́tínà tí yóò lò fún 70 tàbí 80 ọdún, nígbà tí oyin òṣìṣẹ́ kì í sábà lò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láyé. Èkejì ni pé ìgbì kúkúrú àti ìgbì gígùn kì í pàdé sójú kan náà lẹ́yìn lẹ́ńsì. Bí UV bá kọjá, ńṣe ni yóò bo àwòrán bí ìkùukùu. Nígbà tí a bá sẹ́ ẹ kúrò, etí ohun tí à ń wò á mú.

Ẹ̀yìn ẹyinjú

Ohun yíyi tó kún inú ẹyinjú lẹ́yìn lẹ́ńsì kì í gba ju ìdá 1 tàbí 2 nínú 100 lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni rẹ́tínà, ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba àwòrán tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. UV tó ń dé ibẹ̀ nínú ojú àgbàlagbà kéré sí ìdá 2 nínú 100 tó wọlé láti iwájú.

Ní àárín rẹ́tínà, níbi tí ènìyàn fi ń kàwé tó sì fi ń dá ojú mọ̀, àwọ̀ ìyeyè kan tún wà. Lutein àti zeaxanthin ni orúkọ èròjà méjì tó ṣe é. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe lórí UV gan-an bí kò ṣe lórí ìmọ́lẹ̀ aró, ní àyíká 460, tó jẹ́ ìbátan UV tó sún mọ́ ọn jù. Ara kò lè dá wọn ṣe. Inú ẹ̀fọ́ ni wọ́n ti ń wá: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro àti ewé ẹ̀gúsí, wọ́n wà nínú pupa ẹyin àti àgbàdo pupa pẹ̀lú. Iṣẹ́ epo pupa yàtọ̀ sí èyí. Fítámínì A ni ara ń rí nínú epo, òun ló sì ń jẹ́ kí ojú ríran nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn rẹ́tínà ni ìpele dúdú kan tí mẹ́lánínì kún inú rẹ̀, tó ń gbá ìyókù ìmọ́lẹ̀ mì kó má bàa máa ta padà sínú ẹyinjú.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ju agbára asẹ́ lọ

Jórinjórin ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Iná tó ń bù yẹ̀rì nígbà tí wọ́n bá ń jórin ń tú UVB jáde, ó tún ń tú UVC tí ọ́sóònù kò ráyè sẹ́, nítorí kò sí ọ́sóònù láàrin òun àti ojú. Kọ́níà ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ojú kì í dun ẹni náà lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, lóru lọ́pọ̀ ìgbà, yóò jí, yóò sì rí i pé ojú ń ta á bí ẹni pé wọ́n da yanrìn tàbí ata sí i. Omi á máa dà, kò sì ní lè wo iná. Sẹ́ẹ̀lì ojú òde kọ́níà ló kú tó sì ń ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, tí iṣan ara tó wà nísàlẹ̀ fi wà níhòòhò. Níwọ̀n bí kọ́níà ti ń pa ara rẹ̀ dà, ó sábà máa ń sàn láàrin ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Kò sí ìdí láti da nǹkan ìbílẹ̀ kankan sí i, bẹ́ẹ̀ ni oògùn tó ń jẹ́ kí ojú má mọ ìrora kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà lọ sílé láti máa kán sójú. Ọmọ iṣẹ́ tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ di irin mú àti ọmọ ilé ìwé tó dúró wòran ló sábà máa ń kó sínú rẹ̀, nítorí ọ̀gá ló ní gọ́gù.

Ó yẹ kí a ya èyí sọ́tọ̀ sí ìṣòro ojú àwọn tó ń yan garí. Iná igi kò gbóná tó láti tú UV tó nítumọ̀ jáde. Èéfín àti ooru ló ń bá ojú wọn jà, ìtọ́jú rẹ̀ sì jẹ́ ààrò tó dáa àti ilé tí afẹ́fẹ́ ń gbà.

Àrùn kejì ni ẹran ojú, ẹran pẹlẹbẹ tó ń hù láti orí funfun ojú, ní ẹ̀gbẹ́ imú jù lọ, tó sì ń rá lọ sórí kọ́níà. Ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ olóoru, lára àgbẹ̀, ọlọ́kadà àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níta. Ìbéèrè tó ti dààmú àwọn oníṣègùn ni pé kí ló dé tó fi fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́ imú, nígbà tó jẹ́ pé imú ń ṣíji bo ibẹ̀? Ní ọdún 1993, Minas Coroneo, oníṣègùn ojú ní Australia, ṣàlàyé pé ìtànṣán tó ti ẹ̀gbẹ́ etí wọlé ni kọ́níà ń tẹ̀, tó ń gba inú ojú kó o jọ sí ojú kan ní etí rẹ̀ kejì, ní ẹ̀gbẹ́ imú. Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun fún kọ́níà ń gbé. Sẹ́ẹ̀lì tó wà lókè wọn ń ṣíji bò wọ́n níwájú, ṣùgbọ́n ìtànṣán yìí ń gba ẹ̀yìn bá wọn. Nítorí náà, awò ojú tí kò bo ẹ̀gbẹ́ kò dáàbò bo ojú tán.

Ìkẹta ni kataráàtì, nígbà tí lẹ́ńsì bá di funfun tàbí ó ṣókùnkùn, tí ojú sì ń ríran bàìbàì. Ọjọ́ orí ni olórí ohun tó ń fà á, àtọ̀gbẹ àti sìgá ń dá kún un, UVB sì ń dá kún irú rẹ̀ kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti etí lẹ́ńsì. Hugh Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ojú apẹja 838 wò ní etíkun Chesapeake ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1988. Wọ́n rí i pé bí UVB tí ojú ènìyàn ti gbà láyé rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ewu irú kataráàtì yìí ń di ìlọ́po 1.6. Akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ gbòòrò wà lára ohun tó ń dín UVB tó ń dé ojú kù.

Wíwo oòrùn yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Ní 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn pátápátá fún ìgbà díẹ̀ ní apá kan Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Ní Ìbàdàn, ó bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ojúmọ́ á ṣókùnkùn, ọmọlójú á fẹ̀, ènìyàn á sì lè tẹjú mọ́ oòrùn láìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ibi tó kù nínú oòrùn ṣì mọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń mọ́lẹ̀. Lẹ́ńsì ń dá UV dúró lóòótọ́, àmọ́ kò lè dá ìmọ́lẹ̀ aró dúró, ìyẹn ló sì ń jó rẹ́tínà. Rẹ́tínà kò ní iṣan ìrora, nítorí náà ẹni náà kò ní mọ̀ títí di wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí àárín ohun tó ń wò bá pòórá.

Ojú tí kò ní lẹ́ńsì mọ́

George Wald, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1967, ṣàyẹ̀wò àwọn tí wọ́n ti yọ lẹ́ńsì ojú wọn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1945. Nínú yàrá tí kò sí ìmọ́lẹ̀ mìíràn ju UV lọ, tí ó jẹ́ òkùnkùn biribiri fún ẹni tí ojú rẹ̀ pé, àwọn wọ̀nyí ka lẹ́tà ara pátákó dókítà ojú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rí nìyẹn pé rẹ́tínà ènìyàn lè rí UV, àti pé lẹ́ńsì ló ń dí i lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà ju bí ó ti kan ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ. Nínú ìwádìí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè láàrin 2005 sí 2007, ìdá 4.2 nínú 100 àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè ló fọ́jú, kataráàtì ló sì fa ìdá 43 nínú ìfọ́jú náà. Nínú àwọn ojú 583 tí wọ́n ti fọwọ́ kàn nítorí kataráàtì, 249 ni kì í ṣe dókítà ló ṣe é. Àwọn aláàbẹ́rẹ́ tó ń kiri ìlú ló fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ńsì ṣubú sínú ẹyinjú. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé lójijì, ẹni náà á sì ní òun ti ríran. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì tó ṣubú ṣì wà nínú ojú, níbi tó ti lè fa wíwú àti ìfúnpá tó ń pa iṣan ojú. Ohun tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ti lọ, nítorí náà gbogbo nǹkan ń rí wúruwùru. Asẹ́ UVA tó tóbi jù náà ti lọ, èyí tí kì í sábà wọ inú ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ka ibi tí abẹ́rẹ́ ń ṣe.

Iṣẹ́ abẹ ti ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń fi lẹ́ńsì tuntun rọ́pò èyí tó bàjẹ́, ń dá asẹ́ náà padà. Ní 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, dókítà ojú kan, Harold Ridley, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú lẹ́ńsì tí wọ́n fi ike ṣe. Ó ti ṣàkíyèsí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì pé àfọ́kù ike fèrèsé ọkọ̀ òfurufú tó wọ ojú àwọn awakọ̀ kò fa wíwú níbẹ̀. Lẹ́ńsì ìgbà náà ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, ṣùgbọ́n UVA ń gba inú rẹ̀ kọjá. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń po èròjà tó ń gba UV mu mọ́ ike náà, lẹ́ńsì tí wọ́n sì ń fi sójú lónìí sábà máa ń ní in.

Ẹni tí kataráàtì ń yọ lẹ́nu ní Ìrókò, ní Mọ́níyà tàbí ní Lálúpọn kò jìnnà sí dókítà ojú, nítorí ilé ìwòsàn UCH wà ní Ìbàdàn. Kí ó lọ síbẹ̀ kí aláàbẹ́rẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ẹni tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ńsì rẹ̀ ṣubú náà lọ fi ojú han dókítà, kí ó sì máa wọ awò UV400 tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú àti akẹtẹ̀ nígbàkígbà tó bá jáde sóòrùn, torí kò sí lẹ́ńsì mọ́ tí yóò gba UVA dúró fún rẹ́tínà rẹ̀.